Ìgbà Ìwọ́wé ní Òkè-Oyì: Ká Dúró Dè É ni, àbí Ká Wá A Lọ?

Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà dé Òkè-Oyì nínú oṣù Kẹwàá, tó ní òun wá ya ewé pupa bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń yà á nínú oṣù kan náà, ewé tútù ni yóò bá. Òjò ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ lásìkò yẹn. Igi òrí tó wà káàkiri oko ṣì gbé ewé rẹ̀ dání, irúgbá dúdú minimini, koríko ẹ̀gbẹ́ títì Jẹ́bà ga ju orí ènìyàn lọ. Bó bá jẹ́ fọ́tò tó rí lórí fóònù ló gbé e wá, yóò padà sí Ìlọrin lọ́wọ́ òfo, yóò sì máa sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ilẹ̀ wa ò ní ìgbà ìwọ́wé.

Ó ní in. Kò kàn jọ tiwọn ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun ní Ìlọrin àti àyíká rẹ̀, títí kan Òkè-Oyì tó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìlọrin. Iṣẹ́ ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Oníbàárà á wá, á na fóònù sí wọn, á ní kí wọ́n wo ẹ̀gbọ́n òun ní Maryland bó ṣe dúró sábẹ́ igi tó pupa fòò, ewé pupa nílẹ̀, ewé pupa lórí. “Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti lè rí irú ẹ̀ nítòsí?” Ìdáhùn méjì ló wà sí ìbéèrè yẹn. Àwọn kan ní ó wà nílé, ojú la ò fi wá a. Àwọn kejì ní ká má tan ara wa, ẹni tó bá fẹ́ ya ìwọ́wé, kó wọkọ̀ lọ síbi tó wà. Mo ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn méjèèjì, kò sì sí èyí tí mo lè pè ní ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan.

Ká tó dá ẹjọ́ náà, ó yẹ ká mọ ohun tó ń mú ewé pọ́n. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ọjọ́ tó ń kúrú àti òtútù ló ń pàṣẹ fún igi. Bí oṣù Kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, ilẹ̀ á máa tètè ṣú, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohun tó ṣe é lóore nínú ewé padà sínú ẹ̀ka àti ìtì, èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ á sì túká. Àwọ̀ ìyeyè ti wà nínú ewé tẹ́lẹ̀, títutù ewé ló bò ó mọ́lẹ̀. Ti pupa yàtọ̀: ọ̀pọ̀ igi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń ṣe é ni nígbà tí ewé bá fẹ́ já, ó sì máa ń dán jù lọ bí ọ̀sán bá ní oòrùn tí òru sì tutù láìdi yìnyín. Nítorí pé ọjọ́ kan náà ló ń kúrú fún gbogbo igi orí òkè, odindi òkè lè yí àwọ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìlọrin ò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 ló fi jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé níhà àríwá. Ọjọ́ tó gùn jù nínú ọdún fi nǹkan bíi wákàtí kan péré gùn ju èyí tó kúrú jù. Igi tó wà níbẹ̀ ò lè fi ìyẹn mọ ìgbà. Omi ló ń wò. Òjò á kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, kò sì ní í fi gbogbo ara padà títí oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin. Láàárín ìgbà náà, igi kọ̀ọ̀kan ń ṣe ìṣirò ara rẹ̀. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ jìn á pẹ́ kó tó wọ́wé, èyí tó wà lórí àpáta á tètè wọ́ ọ. Igi òrí méjì lè wà nínú oko kan náà, kí ọ̀kan ti ṣí sílẹ̀ gbalaja kí èkejì ṣì ní ewé. Ẹni tó wà ní Vermont nílẹ̀ Amẹ́ríkà ń wá ibi. Ẹni tó wà ní Òkè-Oyì, igi ló gbọ́dọ̀ wá, igi kan lẹ́yìn òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká tọ ẹ̀ẹ̀rùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Koríko ló ń kọ́kọ́ yí padà, nínú oṣù Kọkànlá. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i láti ẹ̀yìn, títì tó ti Òkè-Oyì lọ sí Bódè-Sàádù máa ń ní ẹwà tí ọ̀pọ̀ èrò inú ọkọ̀ ò bojú wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kan tíìkì. Ewé tíìkì fẹ̀, ó le, kòkòrò sì ti máa ń jẹ ẹ́ ní àjẹkù kó tó gbó. Á di àwọ̀ ìyeyè, á di àwọ̀ ilẹ̀, á wá já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ariwo, láti oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kejì. Oko tíìkì Yunifásítì Ìlọrin ni ibi tó sún mọ́ ti àwọn òyìnbó jù ní gbogbo agbègbè yìí, torí igi kan náà ni wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ gbalasa, ní ìlà-ní-ìlà, gbogbo wọn á sì máa wọ́wé pọ̀. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ kó tó gbé kámẹ́rà jáde.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pupa gidi là ń wá, igi fúrúùtù ni baba. Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, iwájú ilé ìwòsàn, ojúde ilé onílé tó fẹ́ ibòji, ibẹ̀ ló ń gbé. Lórí igi kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ewé tútù, ewé ìyeyè, ewé tó pupa bí ẹ̀jẹ̀ á jọ wà pọ̀. Ó tún lè wọ́wé lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún. Àwọn ọmọdé ń kó èso rẹ̀ jẹ, àgbà ń rojọ́ gbígbá ewé rẹ̀ láràárọ̀, kò sì sí ẹni tó ń yà á. Bí mo bá jẹ́ agbẹjọ́rò fún àwọn tó ní ká dúró sílé, igi fúrúùtù ni màá kọ́kọ́ pè wá jẹ́rìí.

Àwọn onílọ, ìyẹn àwọn tó ní ká wọkọ̀ lọ, á dáhùn kíákíá pé àlejò ni ẹlẹ́rìí yẹn. Òótọ́ ni: etíkun ilẹ̀ Éṣíà ni fúrúùtù ti wá, Íńdíà àti Bọ́mà ni tíìkì ti wá, pánsẹ́kẹ́ tí òdòdó rẹ̀ ń jó bí iná lóṣù Kẹrin àti Ìkarùn-ún, Madagásíkà ló ti wá. Wọ́n á ní, ṣé igi àlejò la fẹ́ fi ṣe ìgbà ìwọ́wé ilẹ̀ Ìlọrin? Ẹ̀sùn yìí kò wúwo lójú mi. Westonbirt, ọgbà igi tó lókìkí jù fún ewé pupa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi ilẹ̀ Japan wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń rọ́ lọ wò níbẹ̀. Robert Holford bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ọgbà náà lọ́dún 1829, wọ́n ń kó igi wọ̀ ọ́ láti òkè òkun, kò sì sí ẹni tó ń sọ lónìí pé ti àlejò ni ìgbà ìwọ́wé Gloucestershire.

Àwọn igi onílé ńkọ́? Àràbà àti oṣè kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n kí wọ́n tó wọ́wé. Ewé wọn á gbẹ, á já, wọn á dúró níhòòhò. Ìhòòhò náà lẹ́wà, pàápàá ti oṣè tí ẹ̀ka rẹ̀ rí ṣákáṣàka bí ẹni pé gbòǹgbò ló kọjú sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ewé la yà nígbà náà. Pọ̀npọ̀lá máa ń yọ òdòdó pupa lórí ẹ̀ka tí kò ní ewé kankan. Irúgbá máa ń so òdòdó tirẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, pupa rọ́búrọ́bú, àdán á sì wá mu omi dídùn inú rẹ̀ lálẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pupa láìbìkítà bóyá ewé ni tàbí òdòdó, oṣù Kínní sí Ìkejì ò ní í já a kulẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí: nínú igbó ọ̀dàn tiwa, ewé tó ń bọ̀ wá sáyé ló sábà máa ń pupa, kì í ṣe èyí tó ń lọ. Igi òrí á wọ́wé nínú oṣù Kejìlá tàbí Ìkínní, á tanná, lẹ́yìn náà ni ewé tuntun á yọ ní ṣóńṣó ẹ̀ka, pupa bí ilẹ̀ amọ̀, irun wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Máńgòrò náà ń ṣe é: ewé tuntun á rọ̀, á dà bí bàbà, á sì bo apá kan igi nígbà tí apá kejì ṣì dúdú. Kajú tó pọ̀ lóko wa ń ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo èyí máa ń ṣẹlẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ táútáú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ pé oṣù Kejì àti Ìkẹta ni Òkè-Oyì ń pupa jù. Wọ́n ti wá a lóṣù Kẹwàá, wọ́n ti bínú lọ.

Ọyẹ́ tún dá ọ̀rọ̀ náà rú. Eruku tó ń gbé wá láti àfonífojì Bodélé nílẹ̀ Chad ń fò gba orí gbogbo àríwá kọjá kó tó bà lé wa lórí. Ìgbà tí ewé ń já jù náà ni eruku ń pọ̀ jù. Ẹni tó ní ká lọ síbòmíràn ní ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin níbí: lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá le, Òkè Sóbì tó yẹ kó dúró gbọnin lẹ́yìn àwòrán á di òjìji, tàbí kó má tilẹ̀ sí rárá. Eruku á bo ewé fúnra rẹ̀, pupa á di ràkọ̀ràkọ̀. Bí èèyàn bá tú ojú kámẹ́rà láti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín oko, eruku á wọnú rẹ̀, gbogbo ojú ọ̀run inú àwòrán rẹ̀ á sì máa ní tọ́ótọ̀ọ́ dúdú títí tí yóò fi san owó fún ẹni tó máa nù ún. Àwọn onílé, ìyẹn àwọn tó ní ká dúró sílé, á ní, eruku yẹn kan náà ni ẹ̀bùn. Oòrùn á di roboto pupa tí ojú lè wò láìmikàn, ìmọ́lẹ̀ á rọ̀, òjìji líle tó máa ń gé ojú ènìyàn sí méjì lọ́sàn-án á pòórá, igi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán á sì fẹ́lẹ́ ju èyí tó wà nítòsí, tí àwòrán á fi ní ìjìnlẹ̀ láìjẹ́ pé a ṣe wàhálà. Nínú oṣù Kínní, nǹkan bí aago méje àárọ̀ ni oòrùn ń yọ ní Ìlọrin. Láti ìgbà náà sí aago mẹ́sàn-án, àwọn onílé ló jàre. Lẹ́yìn aago mọ́kànlá, mo gbà fún àwọn onílọ.

Ohun kan wà tí kò náni lówó tó lè tún ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe. Kí ayàwòrán dúró níbi tí ewé á ti wà láàárín òun àti oòrùn. Ewé tó wà bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á gba inú rẹ̀ kọjá, iṣan rẹ̀ á hàn, eruku ara rẹ̀ ò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Fóònù lè ṣe é bó ti yẹ, bí oníṣẹ́ bá fọwọ́ kan ojú ewé náà lórí fóònù kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run má bàa tàn án.

Iná igbó ni ẹjọ́ tó ṣòro jù. Láti oṣù Kejìlá lọ, ọdẹ á tanná ran igbó, darandaran á tanná ran án kí koríko tuntun lè yọ, àgbẹ̀ tó ń tún oko ṣe á tanná tirẹ̀, iná á sì ré kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé. Ewé tí a ti ń ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè di eérú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tí oṣù Kínní bá ń parí, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá títì ti dúdú. Onílọ á ní, ẹ wò ó, kí lẹ fẹ́ yà níbẹ̀? Onílé á ní, ẹ mú sùúrù. Lórí ilẹ̀ dúdú yẹn, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé tuntun á yọ pupa àti tútù, kò sì sí ẹ̀yìn àwòrán tó lè gbé e yọ tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ iná yìí nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́. Ní igbó ọba Olókeméjì, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ lọ́dún 1899, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan lọ́dún 1929. Wọ́n sun apá kan nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sun apá kejì nígbà tó ń parí lọ, wọn ò jẹ́ kí iná dé apá kẹta rárá. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tí iná ò dé ti di igbó kìjikìji. Ibi tí wọ́n ń sun nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ dé góńgó ti di koríko pẹ̀lú igi díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tètè sun wà láàárín méjèèjì. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wa ni pé iná kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn, tó ń lọ jẹ́jẹ́ nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára, igi lè fara dà á. Iná oṣù Kejì ló ń pa ọmọ igi. Nítorí náà, mi ò lè bá àwọn onílé yìn ín bó ti wù kí ewé orí ilẹ̀ dúdú dùn ún wò tó. Ẹni tó ń ya ẹwà ohun tí iná ṣe lọ́dún yìí, kò dá a lójú pé yóò rí igi kankan yà lọ́dún mẹ́wàá sí i.

Ká wá yà sọ́dọ̀ àwọn tó ní ká lọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà ju Òjé lọ. Bí a bá tọ títì Òkè-Oyì yẹn kan náà síwájú, a ó dé Jẹ́bà, níbi tí Odò Ọya ti gba àárín àpáta kọjá, tí àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Jùjú Rọ́ọ̀kì dúró sáàárín omi. Níbẹ̀, omi, àpáta àti igi tó ti wọ́wé á jọ wọ inú àwòrán kan, ohun tí oko lẹ́yìn Òkè-Oyì kò lè fún ẹnikẹ́ni. Ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Kainji tún wà, èyí tí ẹ̀yà Borgu rẹ̀ wà lábẹ́ Kwara kí wọ́n tó gbé e fún ìpínlẹ̀ Niger lọ́dún 1991. Ti Ọ̀yọ́-Ilé náà wà, níbi tí igi ti hù láàárín àwókù ìlú Aláàfin àtijọ́. Nínú àwọn ọgbà méjèèjì yìí, igbó ọ̀dàn pọ̀ lọ súà, kò sí wáyà iná mànàmáná, kò sí ilé búlọ́ọ̀kù tí kò tíì ní òrùlé lẹ́yìn àwòrán.

Ṣùgbọ́n ní ọdún àìpẹ́ yìí, ààbò ti di ìṣòro ńlá ní apá àríwá Kwara àti àyíká àwọn ọgbà náà. Mi ò ní í sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé kó gbé kámẹ́rà olówó ńlá wọ igbó Kainji nítorí ewé. Ẹni tó bá máa lọ, kó bá àwọn aṣọ́gbà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó má dá lọ, kó sì gbà bí wọ́n bá ní kó má wá. Ẹjọ́ onílọ rọ níbí, kì í ṣe nítorí pé ibẹ̀ ò lẹ́wà.

Òkè òkun wá ńkọ́? Ká sọ òótọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: kò sí ohun tó wà ní Òkè-Oyì tó lè ṣe ohun tí òkè Shenandoah ń ṣe lóṣù Kẹwàá. Títì Skyline Drive, tó gùn tó máìlì 105 lórí àwọn òkè náà ní Virginia, ń gba àárín igi tó pupa, tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó sì ní àwọ̀ ọsàn, láti ẹsẹ̀ òkè dé ọ̀run. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Maryland lè lọ láàárọ̀ kó padà lálẹ́. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní igbó Epping àti ọgbà Richmond nítòsí. Ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì ń gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn kan tilẹ̀ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kéde bí ewé ṣe pọ́n tó, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí àlejò lè mọ ìgbà tó yẹ kó wá. Tiwa, lẹ́nu àgbẹ̀ la ti ń gbọ́ ọ.

Irọ̀rùn yẹn náà ló bí àléébù wọn. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀, gbogbo ayé ló ń yà á. Ibùdókọ̀ kan náà, òkúta kan náà tí wọ́n ń dúró lé, igun kan náà. Fọ́tò ẹ̀gbọ́n Maryland yẹn, bí ẹ bá yọ ojú ẹ̀gbọ́n kúrò, ó ṣòro láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀. Owó físà àti ọkọ̀ òfurufú ò ṣeé fẹnu sọ fún ẹni tó ń ya fọ́tò ìsọmọlórúkọ jẹun ní Ìlọrin. Ó sì yẹ ká rántí pé ní ti ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀, kò rìnrìn àjò kankan. Igi ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ló yà. Bó bá jẹ́ Òkè-Oyì ló ń gbé ni, igi fúrúùtù ni ì bá dúró sábẹ́ rẹ̀.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn onílọ ní ìdí kan tó jinlẹ̀ ju ẹwà ibi tí wọ́n ń lọ. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ní ń sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ẹni tó ti rí odindi òkè tó pọ́n, ojú rẹ̀ á là sí àwọ̀; bó bá padà wálé, á bẹ̀rẹ̀ sí í rí bàbà lára máńgòrò tó ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti kékeré. Akinbode Akinbiyi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford lọ́dún 1946, tó ń gbé ní Berlin, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fẹsẹ̀ rin ìgboro Èkó àti àwọn ìlú ńlá mìíràn pẹ̀lú kámẹ́rà, ó ń padà sí ojú kan náà léraléra. Onílọ lè pè é ní tiwọn, torí ó rin ayé. Onílé náà lè pè é ní tiwọn, torí bó ṣe ń padà sójú kan yẹn. Àwòrán dúdú-òun-funfun ló sì sábà máa ń yà, nítorí náà ewé pupa ò tilẹ̀ kàn án.

Àǹfààní kan wà tí onílé ní tí wọn kì í sábà kà mọ́ ẹjọ́ wọn: wọ́n lè tọrọ àyè. Igi òrí inú oko ní olóko. Ẹni tó bá dé, tó kí i pé “Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá, àroko bọ́dún dé o,” tó sọ ohun tó bá wá, wọ́n lè kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín pé ewé gbígbẹ ló gbé e láti Ìlọrin wá. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, wọ́n á fi igi tó ń kọ́kọ́ yọ ewé hàn án, wọ́n á sọ èyí tó gba iná lọ́dún tó kọjá. Àlejò tó kàn já bọ́ sínú igbó pẹ̀lú kámẹ́rà, lásìkò tí ọkàn ará abúlé ò balẹ̀ yìí, ìbéèrè “Ta ni ẹ? Kí lẹ ń wá?” ló máa kọ́kọ́ gbọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníèédú náà wà níbẹ̀. Kwara wà lára ibi tí èédú ti ń jáde lọ sí ìlú ńláńlá, igi òrí sì wà lára ohun tí wọ́n ń gé sun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ń ṣa èso rẹ̀ fún òrí láti ìran dé ìran. Ẹni tó ń ya igi kan náà lọ́dọọdún á mọ ọdún tí wọ́n gé e. Onílọ ò ní í mọ̀. Mi ò sọ pé fọ́tò lè dá ààké dúró. Àwòrán igi tí kò sí mọ́ ṣì jẹ́ ẹ̀rí tí olóko lè gbé síwájú baálẹ̀.

Bí mo bá ní láti dá a, ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń fẹ́ òkè tó pupa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sọ òótọ́ fún un pé kò sí nílẹ̀ yìí, kó má fi kọ̀ǹpútà kun ewé tútù ní pupa fún un. Ẹni tó lówó àti àyè láti lọ, kó lọ, kó wò ó. Èyí tó bá kù, kó pín ọdún sí méjì: oṣù Kejìlá àti Ìkínní fún tíìkì, koríko àti fúrúùtù, láàárọ̀ kùtù nínú ọyẹ́; oṣù Kejì àti Ìkẹta fún ewé tuntun òrí àti máńgòrò. Ibi tí mo fì sí nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn onílọ ní èsì kan tí mi ò tíì rí bì ṣubú. Wọ́n ní ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kì í ṣe ìwọ́wé, bó ti wù kó pupa tó. Ẹni tó bá yà á, ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló yà. Àwọn onílé ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé fọ́tò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí oníbàárà mú èyí tó bá wù ú.